Coupe fún ọmọ ọdún 17: Accord, Civic, FR-S àbí Mustang?

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 17 lóṣù tó kọjá, àtìgbà yẹn ló ti ní èmi ò ní sùn, òun náà ò sì sùn, àwòrán mọ́tò ló ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní aago méjì òru, gbogbo ẹ̀ onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní coupe, gbogbo ẹ̀ ló lúgọ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. "Dádì, ẹ wo eléyìí." Ìyá ẹ̀ ní Corolla la máa rà fún un, kò sẹ́jọ́ kankan níbẹ̀. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì, torí Houston la wà, bọ́mọ ò bá ní mọ́tò níbí ìwọ bàbá ẹ̀ ni dírẹ́bà ẹ̀, iléèwé o, bọ́ọ̀lù o, iṣẹ́ tó ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀ o, ṣọ́ọ̀ṣì o, mo ti wa mọ́tò kiri tìtorí ẹ̀ débi tí ẹ̀yìn ń dùn mí. Pé a máa ra mọ́tò, ìyẹn ti parí. Èwo gan-an la máa rà ló kù.

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wò wọ́n kiri, mo jókòó nínú wọn, mo wà wọ́n, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ wọn. Mẹ́rin ló kù lẹ́yìn tí mo ti ju àwọn yòókù nù: Honda Accord coupe, Honda Civic coupe, Scion FR-S (òun náà ni Toyota 86, Subaru BRZ sì ni ìkejì ẹ̀), àti Ford Mustang V6 (V6 ni ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́fà). Owó tí mo yà sọ́tọ̀ ò ju $10,000 lọ, táàsì wà nínú ẹ̀ o, torí Texas máa gba 6.25%. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ kọ $2,000 sórí ìwé kí táàsì lè kéré, tẹ́ ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dílà, ìjọba ti ní iye tí wọ́n rò pé mọ́tò yẹn tó, tí èyí tẹ́ ẹ kọ bá wálẹ̀ ju 80% ẹ̀ lọ, 80% tiwọn yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tí mo rí kọ́rọ̀ tó gùn: ìrísí lọmọ ń rà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo bi ọmọ mi pé mélòó ni hp (agbára ẹ́ńjìnnì) Accord coupe tó fi ránṣẹ́, kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ẹ̀ méjì ni, òrùlé ẹ̀ dagun lẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á sì pariwo tó bá wọ ọgbà iléèwé. Gbogbo ìyẹn lẹ lè fún un láì fi 300 hp kún un. Ojú yẹn ni mo fi wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ESC, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń fúnra ẹ̀ di bíréèkì táyà kan mú tí mọ́tò bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò kékeré látorí módẹ́ẹ̀lì 2012. IIHS, àwọn tó ń gbá mọ́tò mọ́ ògiri láti yẹ̀ ẹ́ wò, ní ó ń dín ewu kí mọ́tò kan ṣoṣo dá jàǹbá aṣekúpani sílẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlàjì. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ò ṣeé dúnàá dúrà. Nítorí náà 2012 sókè ni mo ń wò, tẹ́ ẹ bá rí èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ tó wù yín, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwòrán mọ́tò kékeré tó ń yọ̀ máa tàn lórí dásíbọ́ọ̀dù kó sì kú.

Ìkejì, bó ṣe wúwo tó. Àwọn IIHS yìí àti Consumer Reports, àwọn tó ń dán ọjà wò fáwọn oníbàárà, jọ máa ń ṣe orúkọ àwọn mọ́tò tó dáa fún ọ̀dọ́ jáde, kò sí èyí tí agbára ẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀, kò sì sí èyí tó fúyẹ́ ju 2,750 pọ́n-ùn lọ. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn, a máa padà sí i.

Ìkẹta ni ìnṣọ́ránsì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. A máa ra mọ́tò tán ká tó pe àwọn ìnṣọ́ránsì. Rárá o. Nọ́ńbà ṣáásì, tí wọ́n ń pè ní VIN níbí, wà nínú ìpolówó ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ìnṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ ní kí wọ́n fi ọmọ sórí ìwé tiyín, ẹ béèrè iye tó máa jẹ́ pẹ̀lú mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Tí ọmọ bá ń ṣe dáadáa níléèwé (ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fẹ́ B tàbí 3.0), wọ́n máa ń yọ díẹ̀ kúrò. Èmi fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí ti Mustang dé, ìyàwó mi kàn fi fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó lọ sílé ìdáná.

Ìkẹrin ni ẹni tó wà á ṣáájú. Èyí ò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n òun ló wúwo jù lọ́kàn mi, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé ọ̀dọ̀ FR-S.

Accord coupe

Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà mọ Accord bí ẹni mowó, ti 2008 yẹn táwọn ará Èkó sọ ní Evil Spirit, onílẹ̀kùn méjì ẹ̀ wà níbí yàà. Honda ń ṣe é títí di 2017 kí wọ́n tó pa á tì. Èyí tí mo ń wá ni ti 2013 sí 2017 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 onípísítìnnì mẹ́rin, 185 hp. Ó tó láti wọ freeway láì bẹ̀rù, kò sì tó láti fi ṣe wèrè.

V6 wà, 278 hp, ó dùn ún wà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀. Yàtọ̀ sí agbára ẹ̀, bẹ́líìtì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, tó bá ti ń lọ sí máìlì 100,000 ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe owó kékeré, nígbà tó jẹ́ pé ṣéènì ni ti 2.4. Ọ̀pọ̀ V6 náà ló tún ní ètò kan tó máa ń pa àwọn písítìnnì kan nígbà tí mọ́tò bá ń sáré geere kí epo má baà lọ púpọ̀, ti 2008 sí 2012 fi ìyẹn jẹ ọ́ìlì, ó ń ba pílọ́ọ̀gì jẹ́, ó débi tí àwọn èèyàn fi lọ sí kóòtù.

Tẹ́ ẹ bá ra 2.4 ti 2008 sí 2012, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì ẹ̀. Tó bá kígbe "grrr" bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó dákẹ́, VTC, ẹ̀yà tó ń darí àkókò tí fáàfù ń ṣí, ló ń rojọ́ yẹn, owó ló fẹ́. (Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo bá kọ́kọ́ dé, tó bá gbóná, olówó mọ́tò ti gbọ́ ariwo yẹn kí n tó dé, kò sì fẹ́ kí n gbọ́ ọ.) Bíréèkì ẹ̀yìn ti 2008 sí 2010 tún máa ń tètè jẹ. Ti 2013 lọ sókè tó jẹ́ ọ́tò, gíà CVT ni, ìyẹn èyí tí kì í yí láti gíà kan sí òmíì, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kẹ́yìn, tí wọ́n bá wò yín bí ẹni tó ń sọ èdè ẹ̀mí, ẹ yọ owó kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Ìnṣọ́ránsì ẹ̀ ló wálẹ̀ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí mo béèrè. Àwọn tó ń tà á sì fọkàn mi balẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbà kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìkejì bàbá tíṣà, ìwé gbogbo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì wà nínú fáìlì. Ẹ má retí fáìlì lọ́dọ̀ ọmọkùnrin ẹni ọdún 22 tó ń ta Mustang.

Civic coupe

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ó kéré ju Accord lọ, kì í mu epo, páàtì ẹ̀ wà níbi gbogbo, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Ti 2012 sí 2015 ní 1.8 tí hp ẹ̀ ò ju nǹkan bí 140 lọ, ìyẹn ti tó fún ọmọ iléèwé. Si ni èyí tó lágbára, 201 sókè, mánúà nìkan, mánúà náà sì dáa fún ọmọ o, torí ọwọ́ tó ń yí gíà ò ní ráyè di fóònù mú, ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi Si sáré kí ẹ tó rà á pọ̀ ju àwọn tí ò fi sáré lọ.

Ti 2016 sí 2020 ló lẹ́wà jù, 158 hp, tàbí 174 fún èyí tó ní turbo. AC ni kẹ́ ẹ wò nínú ẹ̀. Kọ́ńdẹ́nsà tó wà níwájú máa ń jò, Honda fúnra wọn fi wárántì ẹ̀ gùn di ọdún 10, ti 2016 sì lè ti parí báyìí. Ní Houston, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, mọ́tò tí kò ní AC ti di ààrò.

Ti 2006 sí 2009, ẹ fò ó. Àwọn kan nínú ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń sán, omi ràdíétọ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì máa bù ú kún lálẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.

FR-S, 86, BRZ

Òun lọmọ mi ń kú lé lórí. Kí n sòótọ́, nígbà tí mo wà á tán, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lé e lórí. Módẹ́ẹ̀lì 2013 ló bẹ̀rẹ̀, Toyota àti Subaru ló jọ ṣe é, Scion ló kọ́kọ́ ń tà á ní FR-S, nígbà tí Scion kógbá sílé ní 2016, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Toyota 86. 2.0, 200 hp, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Sítíárìn ẹ̀ ń sọ fún yín bí òkúta wà lójú títì.

Báyìí, ẹ rántí 2,750 pọ́n-ùn. Nǹkan bíi 2,750 náà ni eléyìí wúwo, lẹ́nu ààlà gan-an ló dúró sí, ká wá fi wé pickup ńláńlá tí gbogbo ará Texas ń wà. Ìyẹn ọ̀kan. Ìkejì, àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi táyà tí kò di ilẹ̀ mú púpọ̀ sí i látilé iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi sí Prius, kí ìdí ẹ̀ lè máa yọ̀ díẹ̀ láì sáré púpọ̀. Fún àgbàlagbà tó mọ mọ́tò wà, ayọ̀ ni. Fún ọmọ tó gba láísẹ́ẹ̀sì lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí òjò Houston wá ń rọ̀ bí ẹni da báàfù, ẹ ṣàánú wa. Bọ́tìnnì tó ń pa ESC sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ọmọ náà ti mọ ibi tó wà kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ìkẹta, rìkọ́ọ̀lù. Ní 2018, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ àwọn ti 2013 padà wá torí sípíríǹgì fáàfù tó lè kán. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì, àwọn ẹ́ńjìnnì kan sì wà tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tún wọn ṣe tán, ọ̀pọ̀ ń sọ pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló pọ̀ jù tó lọ dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Nítorí náà tó bá jẹ́ ti 2013, ìbéèrè méjì: ṣé wọ́n ti ṣe é? Tí wọ́n bá ti ṣe é, máìlì mélòó ló ti sá látìgbà náà? Èyí tí wọ́n ṣe tó sì ti sá máìlì 30,000 láì sí ìṣòro fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá lọ. Ẹ fi VIN wò ó lórí nhtsa.gov, ìkànnì ìjọba lórí ààbò mọ́tò, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ "ṣìn-ìn ṣìn-ìn" bíi ìrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ má bẹ̀rù, pọ́ọ̀mpù epo ẹ̀ ló máa ń dún bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ló bà mí nínú jẹ́: mọ́kànlá ni mo lọ wò, méjì péré ni wọn ò tíì fọwọ́ pa lára. Àwọn yòókù, wọ́n ti gé sípíríǹgì, wọ́n ti yọ cat (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) kúrò nínú ẹsọ́ọ̀sì kó lè máa bú bí kìnnìún, wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rà á bẹ́ẹ̀ ní Harris County tí Houston wà, kò ní yege àyẹ̀wò èéfín, bí kò bá sì yege ẹ ò lè rẹnú ìwé ẹ̀. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Ìdí tó fi ń tà á gan-an nìyẹn nígbà míì.

Tó bá jẹ́ mánúà, ẹ yẹ kúlọ́ọ̀ṣì wò báyìí: ẹ máa lọ jẹ́jẹ́, ẹ fi sí gíà kẹrin, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè tí mọ́tò ò yára sí i, kúlọ́ọ̀ṣì ti lọ. Ẹ wo ọjọ́ orí táyà náà, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Epo premium, ìyẹn èyí tó wọ́n jù, ló ń mu o, ẹ sọ fọ́mọ pé owó iṣẹ́ ẹ̀ ló máa fi rà á, ẹ máa rí bí ìfẹ́ á ṣe dín kù.

Mustang V6

305 hp láti 2011 dé 2014, 300 láti 2015 dé 2017. Ìyẹn V6 o, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mustang àwọn obìnrin. Ẹ fi wé 185 ti Accord. Èyí tó wà ṣáájú, 4.0 tó ní 210 hp, ló wọ́pọ̀ fún ẹni tówó ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ti 2005 sí 2009 ò ní ESC, mi ò lè gbé ọmọ mi sínú ẹ̀. Airbag Takata náà wà nínú ọ̀pọ̀ Mustang 2005 sí 2014, ìyẹn èyí tó lè fọ́n irin síni lójú nígbà tó yẹ kó gbani là, àwọn Civic àtijọ́ náà ní in. Wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má wa mọ́tò yẹn délé kí wọ́n tó ṣe é.

Tó bá jẹ́ dandan, 2015 sókè ni kẹ́ ẹ wò, torí wọ́n ti yí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ padà, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gbé ara ẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ irin kan ṣoṣo ló so méjèèjì pọ̀, bí ọ̀kan bá kó sí kòtò èkejì á mì. Ọ̀pọ̀ V6 ọdún yẹn sì ti ṣe háyà, ẹ bi wọ́n. Ní tèmi, kọ́mọ dúró dìgbà tó bá parí yunifásítì tó ń fowó ara ẹ̀ san ìnṣọ́ránsì. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó ní "okay sir", ẹ̀yin náà mọ irú "okay sir" yẹn.

(Infiniti G37 náà ń yọjú, 330 hp, ó rẹwà, olówó pọ́ọ́kú. Ẹ máa bá tiyín lọ.)

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú

Ìjì Harvey ya wọ ìlú yìí ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2017, àìmọye mọ́tò ló rì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ ra coupe dúdú kan níbì kan tí wọ́n ń ta àlòkù, ó ń dán bí iṣin, òórùn lọ́fínńdà gba inú ẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta, wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, fèrèsé á sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí freeway. Nígbà tí mo fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀ jáde tán pátápátá, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà ní ìdí ẹ̀, ìlà ibi tí omi dé hàn gbangba. Nítorí náà, ẹ fa bẹ́líìtì dé ìparí, ẹ wo bóòtù irin tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá ó dípẹtà, lọ́fínńdà tó bá pọ̀ jù ẹ béèrè ohun tó ń bò. VINCheck ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìnṣọ́ránsì, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo mọ́tò tó rì kọ́ ló wọ ìwé.

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé mọ́tò ti yege inspection, ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa bíréèkì mọ́ o, Texas ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò mọ́tò aládàáni láti January 2025, ti èéfín nìkan ló kù láwọn county bíi tiwa. Ẹ sanwó fún mẹkáníìkì tiyín kó gbé e sókè wò ó. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dásíbọ́ọ̀dù láti ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà mọ́tò rí, ẹ ra ọ̀kan, kò wọ́n. Bí iná check engine ò bá tàn ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ "not ready" fún nǹkan bíi mẹ́rin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àṣìṣe rẹ́ ni. Orúkọ tó wà lórí páàtíkúlà gbọ́dọ̀ bá ti láísẹ́ẹ̀sì ẹni tó ń tà á mu, "ti ọ̀rẹ́ mi ni" ò sí nínú òwò yìí. Kẹ́ ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì táàsì county kẹ́ ẹ parí ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ sì ka òfin fọ́mọ: tó bá ṣì wà lábẹ́ ọdún 18, láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò láàárín aago 12 òru sí 5 ìdájí, àfi tó bá jẹ́ iṣẹ́, iléèwé tàbí pàjáwìrì, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ju ẹnì kan tí kò tíì pé 21 lọ yàtọ̀ sí ará ilé. Ibí ni coupe ti ran òbí lọ́wọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn láti ká ẹsẹ̀ kò sẹ́yìn FR-S.

Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí: Accord 2.4 ni mo fi ṣáájú, Civic tẹ̀ lé e, FR-S tí wọn ò fọwọ́ kàn dìgbà tó bá ti wa mọ́tò fún ọdún méjì, Mustang ń bẹ lọ́jọ́ iwájú. Ìyá ẹ̀ ṣì ń sọ Corolla, ṣùgbọ́n ohùn ti ń lọ sílẹ̀. Sátidé yìí à ń lọ wo Accord EX 2014 kan ní Katy, funfun, mo ti ní kọ́mọ gbé tọ́ọ̀ṣì àti páálí dání, òun ló máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.